Wáyà Mẹ́fà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ni wọ́n rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yàrá ìwádìí kejì jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo ẹ̀ka, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé tó fi ọdún mẹ́ta kọ.

Ohun tó kọ síbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Wáyà sílíkọ́nì kan wà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Tí èèyàn bá fà á kó nà díẹ̀, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á di ìlọ́po mẹ́rin. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ wáyà mọ́ irin pẹlẹbẹ, ó tẹ irin náà kọrọdọ, wáyà nà, iná pọ̀ sí i. Ìgbà ogójì ló ṣe é. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò tún un ṣe, iná kò yí padà rárá.

"Wáyà tó jẹ́ ìwọ nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "ṣé ẹ jọ mulẹ̀ ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Gọ́ọ̀mù. Òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí ni, òun ló ń bá ìgbìmọ̀ lẹ wáyà, torí òfin kò gbà kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn fọwọ́ kan ohun ìdánwò.

Oṣù méjì ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà fi kọ lẹ́tà kí wọ́n tó gbà láti tún un dán wò. Bí kò bá yọrí lọ́tẹ̀ yìí, wọn á lé e.

Lọ́jọ́ ìdánwò, òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Aago mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin náà wọlé, ó rin gbindingbindin. Wáyà mẹ́fà ti wà lórí irin wọn. Kóòtù òjò Bàbá rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé gọ́ọ̀mù yẹn le dáadáa? Tí kò bá yan, ńṣe ló máa ń fà."

"Ṣé èmi lò ń kọ́ níṣẹ́ gọ́ọ̀mù, ọmọ mi? Láti ìdájí ni mo ti wà ńbí. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi yan án. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ófùn ni."

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí mo ní ńbí."

"Má dá Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn lóhùn. Ó kàn kórìíra ẹ ni."

Ọmọbìnrin náà tẹ́ síkáàfù rẹ̀ sórí ófùn kó lè gbẹ, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń yan gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Nígbà tí aago lu mẹ́wàá, ó wé e mọ́ ọrùn. Òtútù mú un, ó sì rò pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Bàbá bá a gbé àpò, ó kó irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì lọ bá ìgbìmọ̀.

"Irọ́ ti dé o," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi kí wọn.

Wọ́n tẹ irin àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ kò mira. Wọ́n tẹ ìkejì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí dórí ìkẹfà.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó purọ́. Kó kó ẹrù ẹ̀ lónìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n fi awò wò ó."

"Kí lo fẹ́ wò? Àánú?"

"Wáyà náà ni, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sún sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ awò tó ń sọ nǹkan bíńtín di ńlá. Irin ti tẹ̀ kọrọdọ, ṣùgbọ́n wáyà orí rẹ̀ kò nà. Gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ méjèèjì ń fà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kán omi kan já láti etí síkáàfù rẹ̀ sórí tábìlì. Ó fọwọ́ kan síkáàfù tó ti fi wákàtí kan wà lórí ófùn. Ó wá yíjú padà.

"Bàbá, ẹ sọ fún wọn. Ìgbà wo lẹ tan ófùn yẹn gbẹ̀yìn?"

Bàbá Gọ́ọ̀mù rọra gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ sórí àga, ó sì lọ mú kóòtù òjò rẹ̀.