Lékeléke Yí Mi Ká

Mo dúró nínú àbàtà kan lẹ́yìn Igando, omi mù mí dé orúnkún, lékeléke yí mi ká.

Mi ò gbọdọ̀ mira.

Obìnrin kan já wọ inú ẹrẹ̀, ó gbé ọmọ dání. Ó kúnlẹ̀ sínú omi níwájú mi.

"Wòlíì, ẹyẹ kì í sún mọ́ èèyàn lásán báyìí. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run!"

Ọmọ náà ò sunkún. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ibẹ̀ la ti ń bọ̀, sà. Wọ́n ní ó ti dọwọ́ Ọlọ́run."

Mo bojú wẹ̀yìn. Èrò ti pọ̀ létí títì, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ń ṣe àmín sí àdúrà tí mi ò tíì gbà.

Obìnrin náà rọ̀ mọ́ aṣọ funfun mi. Orí rẹ̀ kan nǹkan líle níkùn mi.

"Bíbélì yín nìyẹn, sà?"

Kámẹ́rà ni. Fíìmù inú rẹ̀ ò tíì tán.

Láídì lorúkọ mi. Kápẹ́ńtà ni mí, Mùsùlùmí sì ni mí. Mo yá sùtánà yìí lọ́wọ́ aládùúgbò mi torí pé lékeléke kì í sá fún aṣọ funfun, fọ́tò wọn ni mo wá yà.

"Ẹ gbàdúrà, sà!"

Mo gbọ́wọ́ lé ọmọ náà lórí.

Gbogbo lékeléke fò lọ.

Èrò pariwo: "Halelúyà!"