Ọ̀pá Irin Jesse Gollop

Jesse Gollop ń sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun bọ̀, ọ̀pá irin léjìká, ó ń súfèé. Ìkánjú ni àlébù rẹ̀. Kò sí àárọ̀ tí tíì kì í bó o lẹ́nu, nítorí kò lè dúró kó tutù.

Ní etíkun Dorset tiwa, àwa tó ń ṣa ìgbín àtijọ́ tó ti di òkúta ní òfin kan: ohun tí òkun bá já sílẹ̀ ni kó o mú, èyí tó ṣì wà lára òkè, òkun ló ni ín. Jesse kì í dúró de òkun. Ọ̀pá ló fi ń yọ tirẹ̀ tà fún àwọn àlejò, ó sì ti di gbajúmọ̀.

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Màmá Thirza, arúgbó tó ń kọ́ àwa ọ̀dọ́ nípa òkè àti òkun, ń fi omi tó ń sun lára amọ̀ dúdú hàn wá. Lókè omi náà, ìgbín òkúta kan tó fẹ̀ tó táyà kẹ̀kẹ́ yọrí.

“Jesse, má fọwọ́ kàn án. Òkè yìí ti mumi yó.”

“Màmá, kí òkun tó gbé e wá, èmi àti ẹ̀yin á ti di òkúta.”

“Tèmi ò ní pẹ́ mọ́. Tìẹ ni mò ń rò.”

A rẹ́rìn-ín. Jesse kọ etí ikún sí i, ó ki ọ̀pá bọ òkè. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo rí i tí òkúta wẹ́wẹ́ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó.

“Ẹ sá!” Màmá pariwo.

Ẹni tó fi sùúrù pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni Jesse rí. Òkè ya lulẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí, òkun sì ń kún bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ gbà mí o!”

“Bọ́ bàtà rẹ sílẹ̀!”

“Màmá, tuntun ni!”

“Òkun ò béèrè ọjọ́ tó o rà á!”

A tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀, a fà á. Jesse jáde, bàtà, ṣòkòtò àti ọ̀pá irin kò bá a jáde. Ìborùn Màmá ló ró kọjá níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkun fọ ẹrẹ̀ náà lọ, ó sì gbé ìgbín òkúta náà kalẹ̀ lódindi síwájú Màmá Thirza. A gbé e sí gbọ̀ngàn ìlú, pẹ̀lú ọ̀pá irin tó ti tẹ̀ kọdọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jesse wá wò ó. Ó wo ìgbín, ó wo ọ̀pá, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ jù wá lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ jẹ́ ká fi ìdúpẹ́ gba ohun tó bá yọ̀ǹda, ká má fipá gba èyí tó ṣì dì mọ́ra. Ẹni tó ń gbẹ́ ìdí òkè, orí ara rẹ̀ ló ń wó o lé.