Mo-ti-mọ̀ Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Káfíńtà kan wà tí kì í ṣe olè, tí kì í ṣe ọ̀lẹ, tó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dénú. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá ti fẹ́ la ọ̀rọ̀ yé e báyìí, á ní, "Mo ti mọ̀." Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀.

Ìyá rẹ̀ ní àbúrò obìnrin kan ní ìlú kékeré tó wà lórí erékùṣù ìtòsí. Ó pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn, nítorí orúnkún ń da àgbà láàmú. Àárò àbúrò yìí ń sọ ìyá gan-an. Mo-ti-mọ̀ bá ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀, ó sì kó ìyá, ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí èbúté.

Ọkọ̀ méjì ló gúnlẹ̀ síbẹ̀, èrò ń wọnú méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ fà á lápá.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká bi agbowó ọkọ̀ yẹn. Abèèrè kì í ṣìnà."

"Ṣé mi ò débẹ̀ rí ni? Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni. Mo ti mọ̀."

Ìgbà tó wà lọ́mọdé ló débẹ̀ o! Wọ́n wọ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu ìyá. Ó ń sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, "Àbúrò mi yìí ló máa ń jí ẹran jẹ, èmi ni wọ́n á sì nà. Mo máa gbẹ̀san lónìí!"

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi nàka. "Bàbá, ọkọ̀ ti fẹ́ kọjá erékùṣù yẹn. Ẹ bi wọ́n."

Mo-ti-mọ̀ rí i pé òótọ́ ni. Ó yẹ kó pe awakọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í láàárín èrò. Ó ní, "Yóò yí padà níwájú." Ọkọ̀ kò yí. Ibi jíjìn tí wọ́n ti ń wa yanrìn ló já wọn sí, ìrọ̀lẹ́ ló sì tó gbé wọn padà sí èbúté tí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ìkẹyìn sí erékùṣù ti lọ.

Ìyá ní, "Má banú jẹ́, ọmọ mi. A ó tún lọ."

Kí wọ́n tó tún lọ, ìròyìn dé pé àbúrò ìyá sùn, kò jí mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí tí wọ́n ń lọ síbi òkú, Mo-ti-mọ̀ béèrè. Ó bi agbowó, ó bi awakọ̀, ó tún bi obìnrin tó jókòó tì í.

Ọmọ olóògbé ló wá pàdé wọn ní èbúté erékùṣù náà. Ó ní, "Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Màámi jókòó síbí títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi dé. Mo ní ká máa lọ sílé, wọ́n ní rárá, ẹ̀gbọ́n àwọn kì í yẹ àdéhùn."

Ìyá kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ó kàn béèrè bẹ́ǹṣì tí àbúrò rẹ̀ jókòó sí, ó sì lọ jókòó síbẹ̀, ó kọjú sómi. Mo-ti-mọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dí yín lẹ́nu. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó béèrè lè fara da ìtìjú ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó kọ̀ láti béèrè lè jẹ gbèsè tí kò ní rí ẹni san án fún mọ́. Ìfẹ́ nìkan kò sì tó láti mú èèyàn wa dé ibi tó ń lọ. Ó yẹ ká gba ìmọ̀ràn mọ́ ọn.