Ọwọ́ Tí Káńsẹ́lọ̀ Nà Sókè

Àárọ̀ Sátidé ni káńsù fẹ́ dìbò yan alága tuntun. Káńsẹ́lọ̀ yìí nipò náà tọ́ sí. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀.

Eré idà ló sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Nínú eré náà, ẹni tí idà bá bà máa ń nawọ́ sókè láti jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ àṣekágbá ní Òlíńpíìkì, idà kàn án lápá, rẹfirí ò rí i. Ó nawọ́ sókè. Bí góòlù ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tó dédìí òṣèlú, àwọn aráàlú ní ẹni tí kò purọ́ nítorí góòlù, ṣé nítorí kòtò ojú títì ló máa wá purọ́?

Akọ̀wé rẹ̀ bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìnkùlé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo tòní. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Mi ò lè fò ó."

"Ipò tó ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ tán! Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe ara yín."

"Kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì."

Akọ̀wé wo inú yàrá, ó yára gbójú kúrò. "Ẹ bá mi kí wọn," ló wí, ó sì lọ.

Látìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti lè gbé idà ni àárọ̀ Sátidé ti jẹ́ ti baba àtọmọ. Aṣọ funfun tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sí lẹ́yìn ti ń dúró dè é, ìbòjú ti wà níbi tó yẹ kó wà. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ òsì ọmọ náà máa ń dà á láàmú. Nísinsìnyí, ọwọ́ ọ̀tún ló di idà mú, ó sì ń gbọ̀n.

Idà náà rọra bọ̀, kò dé ara rẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ nawọ́ sókè.

"Ó bà mí."

Ó tún bọ̀, ó tún jìnnà jùyẹn lọ. Káńsẹ́lọ̀ tún nawọ́ sókè. Ẹ̀rín kékeré kan jáde lábẹ́ ìbòjú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń dúró de ẹ̀rín yẹn, ó sì máa ń dùn ún bó ṣe ń dùn mọ́ ọn.

Fóònù dún. Wọ́n ti yan ẹlòmíì.

"Ó dáa," ló wí.

Ó bọ́ ìbòjú kúrò lójú ìyàwó rẹ̀, ó fàtẹ́lẹwọ́ nu òógùn lára irun funfun rẹ̀, ó sì dì í mú padà lọ sórí bẹ́ẹ̀dì tí kì í dìde lórí rẹ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ wọn, àfi láàárọ̀ Sátidé.