Ohùn Ń Kí Màmá, Muheez Ò Sí Níbẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ní ìyá tó ń dá gbé, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

1.
Muheez kì í ṣe olè nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gùn ní Okokomaiko kí wọ́n tó lé ọ̀kadà kúrò lójú títì. Níbi tó ti ń wá ohun tí yóò ṣe, ó ṣàkíyèsí pé àwọn àgbàlagbà pọ̀ ní Ìbà Estate tí gbogbo ọmọ wọn wà lókè òkun. Ilé tóbi, tẹlifíṣàn ń dá sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè pé ṣé wọ́n jí ire.

Ló bá sọ ìkíni di òwò. Àwọn ọmọ á sanwó láti òkè òkun, Muheez á kanlẹ̀kùn láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀, á pe ìyá tàbí bàbá ní oríkì wọn, á jókòó, á sì gbọ́ ẹjọ́ orúnkún tó ń ro wọ́n àti oorun tí kò wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Màmá Akínṣọlá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún Adéníyì ọmọ wọn ní Kánádà pé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó pe òun ní Àwẹ̀ró mọ́ àfi ọmọkùnrin yìí.

2.
Òkìkí kàn dé Ajangbadi, ó kàn dé Ọ̀tọ̀-Àwórì. Oníbàárà wá pọ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ Muheez ká lọ. Ó yẹ kó gba èèyàn kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ò jẹ́ kó fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín èrè. Ó ní orí fóònù ni òun yóò máa kí wọn báyìí. Bẹ́ẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe òun ni yóò pè. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀: ó pe Àwẹ̀ró, ó dákẹ́ díẹ̀ kí Màmá lè dáhùn, ó béèrè bí wọ́n ṣe sùn, ó tún dákẹ́, ó wá ṣàdúrà. Bó ṣe ṣe ti oníkálukú nìyẹn. Ẹ̀rọ kan ló ń pe nọ́ńbà wọn láàárọ̀. Muheez á máa hanrun, ohùn rẹ̀ á máa kí èèyàn kiri Ìbà. Àwọn àgbà ò fura. Ta ló ń fura sí ìkíni tí kì í yí padà?

Mùsítúrà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bá a níbi tó ti ń gba ohùn sílẹ̀.

"Bí wọ́n bá wá dáhùn nǹkan mìíràn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà wo lẹ kí rí tí kò ní 'a dúpẹ́'? Bí ilé ń jó, 'a dúpẹ́' náà ni."

"Kò burú. Ọjọ́ tí ẹnì kan ò bá dúpẹ́, kí ẹ̀rọ rẹ dá a lóhùn."

Muheez ní owú ló ń jẹ.

3.
Màmá Akínṣọlá so fóònù mọ́ okùn, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn kí ìpè Muheez má baà fò wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wẹ̀ tán, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ ní balùwẹ̀, eegun itan wọn kán. Aṣọ ò sí lára wọn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ké ni fóònù dún.

"Àwẹ̀ró, ẹ kú àárọ̀ mà."

"Muheez, mo ṣubú o. Mi ò lè dìde."

"Ṣé ẹ sùn dáadáa mà?"

Màmá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n gbóhùn sókè. "Mo ní mo ṣubú. Tètè máa bọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ mà. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀" ni Màmá dì mú. Ọmọ ti gbéra nìyẹn. Nígbà tí Felicia, aránṣọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn, gbọ́ ìró, tó wá ń béèrè lójú fèrèsé pé kí ló ṣubú, Màmá ro ìhòòhò ara wọn, wọ́n ní kó má ṣèyọnu, ọmọ àwọn ń bọ̀. Felicia bá lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n pe nọ́ńbà náà padà, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n ní bóyá ó wà lójú ọ̀nà, wọn ò sì fẹ́ pe Adéníyì kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú lásán. Ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, fóònù tún dún. "Àwẹ̀ró, ẹ kú àárọ̀ mà." Màmá ò fèsì. Ohùn náà dúró díẹ̀, ó béèrè ṣé wọ́n sùn dáadáa, ó tún dúró, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún wọn.

Ìgbà yẹn ló tó yé wọn. Wọ́n fi ìwọ̀nba ohùn tó kù ké pe Felicia, òun ló sì ní kí àwọn aládùúgbò já ilẹ̀kùn. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé wọn dé ni, wọn ì bá tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn.

4.
Adéníyì ló pe Muheez láti Kánádà, kò sì bú u. Ó kàn béèrè pé, "Kí ni màmá mi sọ fún ẹ láàárọ̀ àná?" Muheez ò mọ̀.

Ó sáré dé ọsibítù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Àwẹ̀ró, ẹ kú àárọ̀ mà."

Màmá kọjú sí ògiri. Wọn ò yíjú padà.

"Nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fóònù yẹn."

Fóònù kankan ò sí níbẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ọmọ tó ń sanwó ti gbọ́, wọ́n sì gba ìyá àti bàbá wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, bí Muheez bá kí àgbà ní Ìbà, àgbà á kọ́kọ́ wo ètè rẹ̀ bóyá ó ń mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá òwò, ẹ gbọ́. Àwọn tó ń dá gbé ń pọ̀ sí i, kò sì sí èèwọ̀ nínú kéèyàn jẹun nídìí bíbá wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó kí ẹ gbọ́ ìyá òun, etí ló rà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fún un ní ẹnu. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ pe ìyá yín fúnra yín, bí wọ́n bá sì ní "a dúpẹ́", ẹ tún béèrè.

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.