Ìyá Fáìlì Kọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ

Ní ọ́fíìsì ìwé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà, Ìyá Fáìlì ni gbogbo ènìyàn ń pe obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ òṣìṣẹ́ kan, kò ní tíì pè é tán tí ìyá á fi ti fa fáìlì onítọ̀hún yọ. Ó mọ ọjọ́ ìbí wọn, ó mọ iye ọmọ wọn, ó sì mọ ẹni tó ti fi ikú ìyá àgbà kan ṣoṣo gba ìsinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Tí oṣù bá ń parí lọ, akọ̀wé owó á yọrí lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ìyá, àwọn wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́?" Ìyá á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà fún un. Ẹni tó bá ti wà, ó wà nìyẹn.

Àfi ìgbà tí ọ̀gá ra ẹ̀rọ. Ó pè wọ́n jọ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní kọ̀ǹpútà ni yóò máa tọ́jú ìwé òṣìṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú: yálà Ìyá Fáìlì, tàbí igbákejì rẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kíá-Kíá nítorí bó ṣe ń yára tẹ̀wé. Wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á lọ bá àwọn tó ń di ọṣẹ sí páálí.

Ìyá Fáìlì lọ ti kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn fáìlì wà nínú rẹ̀ pa.

Olùkọ́ tí wọ́n mú wá jẹ́ obìnrin kan tó máa ń gbé gíláàsì rẹ̀ sórí, tí á sì tún máa wá a kiri.

"Kíláòdù," ni ó fi bẹ̀rẹ̀. "Kì í ṣe àwọsánmà ojú ọ̀run o. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tó wà níbòmíràn ni. Òun ló ń bá wa tọ́jú ìwé wa."

"Bí ẹlòmíràn náà bá lọ ìsinmi ńkọ́?" ni Ìyá Fáìlì bi í.

Kíá-Kíá fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kan ọ́nbọ́dìǹ. "Gbígba òṣìṣẹ́ tuntun wọlé nìyẹn," ni olùkọ́ wí, "láti orí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ títí á fi mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá ní lẹ́tà nínú fáìlì, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n."

"Kò mọ̀ ọ́n rárá?"

"Rárá, mà. Ì báà ti pẹ́ tó níbi iṣẹ́."

Ìyá Fáìlì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kẹta, títọpa olùwáṣẹ́ ni. Olùkọ́ ní ẹ̀rọ á máa tẹ̀ lé ẹni tó wá béèrè iṣẹ́, láti ọjọ́ tó dé títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tí wọ́n á tún gbàgbé mọ́.

"Àwọn tó ti wá kí ẹ̀rọ tó dé ńkọ́?"

"Àwọn yẹn á ti bá tiwọn lọ tipẹ́, mà."

Ìyá Fáìlì wúkọ́ díẹ̀, ó béèrè omi.

Nílé, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló ń bi í ní ìbéèrè, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì.

"Dáṣíbọọ̀dù?"

"Ojú ibi tí ọ̀gá á ti rí gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, láì dìde lórí àga."

"Sẹ́ẹ̀fù-sáfíìsì?"

"Òṣìṣẹ́ á máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ ṣe."

"Bíi kí oníbàárà máa wọn ara rẹ̀? Aṣọ yẹn á fún un pa." Ó dá ẹsẹ̀ dúró. "Ìyàwó mi, o ò sùn dáadáa mọ́. Ṣebí iṣẹ́ ni dídi ọṣẹ náà?"

"Bàbá wọn, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí ní òmíràn."

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Kíá-Kíá fi ṣe tirẹ̀ tán. Nínú ogún ìbéèrè, ó gba mẹ́tàlá. Ìyá Fáìlì jókòó títí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ogún pé.

Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́! Ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́. Mo ti fi ìbuwọ́lùwé mi sínú ẹ̀rọ. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yòówù tí ẹ bá ní kó tẹ̀, á gbé e jáde."

Kíá-Kíá gbé ife tíì rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di ọṣẹ, kò tilẹ̀ fajú ro. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Fáìlì fi kó àwọn òṣìṣẹ́ sínú ẹ̀rọ, láti orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì dé orí ọ̀gá. Gbogbo wọn wọlé wẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "òṣìṣẹ́ tuntun" sí, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, nítorí láti ọdún méjìlélógún tó ti wá wáṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ní kó jókòó ti àwọn fáìlì títí wọ́n á fi pè é, kò tíì sẹ́ni tó pè é.