Àlejò Ogójì Nílé Tẹ́tẹ́

Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu alága ìlú.

Obìnrin tí ìjọba rán wá ti dé ilé tẹ́tẹ́ tuntun. Bó bá rí i pé àlejò ń wọ̀lú lóòótọ́, yóò buwọ́ lu ìwé àṣẹ ilé tẹ́tẹ́ kejì.

"Ẹ kà wọ́n, mà. Ogójì àlejò, lọ́sàn-án gangan! Wọ́n ní tẹ́tẹ́ ò lè fa arìnrìn-àjò wá síbí. Ojú ti ẹlẹ́gàn."

"Ibo ni wọ́n ti wá?"

"Òkèèrè ni, mà. Ẹ wo ìmúra wọn."

Lóòótọ́, gbogbo wọn ló dé fìlà ńlá, tí wọ́n wọ awò dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, imú ló fi ń sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó ń wojú ẹnì kejì.

Obìnrin náà yọ báírò.

Àmọ́ òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Ààrá sán gbàù.

Ẹnì kan fò dìde: "Yéè! Aṣọ mi wà lórí okùn!"

Kí alága tó mí, àwọn ará òkèèrè ti di fìlà mú, wọ́n ń sáré. Oníkálukú gba ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ wọlé.

Obìnrin náà dá báírò padà sínú àpò.

"Ó ku ẹnì kan, mà!" Alága ti ń làágùn. "Ìyá tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Kò tiẹ̀ mira. Àlejò gidi nìyẹn."

Àlejò gidi náà ò gbójú kúrò lórí tẹ́tẹ́.

"Olówó orí mi," ó sọ fún alága, "ẹ sáré lọ ká aṣọ wa wọlé. Ọwọ́ mi ò tíì dilẹ̀."